Ìbéèrè Tí Ó Gba Kóòtù Lọ́wọ́ Wa Ní Ìdí-Àfọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ojú irin ti ń fọn fèrè kọjá lọ sí ìhà Òṣogbo, ṣùgbọ́n tí mọ́tò kò tíì mọ ọ̀nà oko wa. Orí ni a fi ń ru iṣu, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, òyìnbó kan ṣoṣo tí a sì mọ̀ ni ajẹ́lẹ̀ tó ń gun ẹṣin káàkiri abúlé, tí tápítà rẹ̀, ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ fún un, ń fi ẹsẹ̀ sáré tẹ̀lé e. Ìyàwó titun ni mí ní Ìdí-Àfọ́n nígbà náà. Láti ìgbà yẹn mo ti bá àwọn obìnrin jà lórí owó orí, mo ti wà lára àwọn àgbẹ̀ tó kọ̀ láti ta kòkó fún aláìṣòótọ́, ọlọ́pàá sì ti tì mí mọ́lé rí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá ní kí n sọ ìjà tí mo fi kọ́ bí a ti ń jà, ti kóòtù Ìdí-Àfọ́n ni mo máa ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ìlú tó jẹ́ fún yín. Ìdí-Àfọ́n wà ní àríwá Ìbàdàn, béèyàn bá ti fi Akínyẹlé sílẹ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà Ìrókò. Jagunjagun kan tí ogun ti sú, Ògúnṣọlá, ló kó àwọn ọmọ àti ìwọ̀fà rẹ̀ wá síbẹ̀ láti dáko lábẹ́ igi àfọ́n ńlá kan. Nígbà tó yá, àwọn ará agbo ilé mìíràn ní Ìbàdàn tọ̀ wọ́n wá. Nígbà tí èmi fi dé ibẹ̀, ó ti ní ọjà ọrọọrún, ó ní alágbẹ̀dẹ, ó ní ilé tí a kò lè kà tán lójú kan. Àwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́n, wọ́n lawọ́, wọ́n sì fẹ́ràn ẹjọ́ bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Ewúrẹ́ kò lè jẹ ewé ẹ̀gẹ́ kan kí àgbààgbà mẹ́rin má jókòó lé e lórí.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe ibẹ̀ ní ìlú. Oko ni gbogbo wa ń pè é. Ọkùnrin tó ti kọ́lé síbẹ̀, tó ti bí ọmọ mẹ́fà síbẹ̀, tí irun rẹ̀ ti funfun síbẹ̀, yóò sọ fún yín pé òun kàn wá sí oko ni. Bí ọdún bá dé, gbogbo wa á palẹ̀ mọ́, a ó gba Ìbàdàn lọ, àwọn adìẹ nìkan ni yóò kù sílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko, àwọn baba wa ní. Bí ẹ bá sì pe ọmọ Ìbàdàn ní ará oko lójú ọjà, ẹ wá ibi tí ẹ ó gbà sá.

Bí kóòtù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa kò ṣòro láti sọ. Gbogbo ọ̀nà oko tó wà ní agbègbè náà ló pàdé ní ọjà wa, ìyẹn ni àwọn ìjòyè Ìbàdàn ṣe gbà pẹ̀lú ajẹ́lẹ̀ pé kí kóòtù kékeré kan máa jókòó níbẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ọ̀wẹ̀ ni a fi kọ́ ọ. Àwọn ọkùnrin po amọ̀, wọ́n mọ ògiri, wọ́n fi koríko bò ó. Àwa obìnrin pọn omi, a lu ilẹ̀ rẹ̀, a fi ìgbẹ́ màlúù pa á títí tí ó fi ń dán. Kò sí ẹni tó gba kọ́bọ̀. Ohun tí kóòtù yẹn ṣe fún wa kò kéré. Kí ó tó dé, ẹni tó bá ní ẹjọ́ gbọ́dọ̀ gbé e lọ sí Ìbàdàn, kí ó dọ̀bálẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ìjòyè kan, kí ó sì máa wo ojú rẹ̀. Fún obìnrin tó bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ọkọ tó ń lù ú, kóòtù ni ibi àkọ́kọ́ tí a ti rí tí wọ́n ti bi obìnrin léèrè ohun tó ń ṣe é.

Òkè-Ọparun ló fẹ́ gbà á. Ìlú kékeré kan ni, ní òdì kejì odò, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Àjèjì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà níbẹ̀: àwọn tó wá la ọ̀nà ojú irin, àwọn oníṣòwò láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn kan láti ọ̀nà Ọ̀yọ́. N kò bú wọn. Àwọn náà ní ẹjọ́, ó sì rọrùn fún òyìnbó láti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó wọ kóòtù ju kí ó gun ẹṣin wọ inú igbó lọ. Ajẹ́lẹ̀ ní òun yóò yẹ ìlú méjèèjì wò, kí òun mọ èyí tí ènìyàn wà ní tòótọ́.

Ọjọ́ tó wá, a ti gbálẹ̀, a ti wọ aṣọ tó dáa. Ó jókòó lábẹ́ igi àfọ́n, ó ní kí a máa kọjá níwájú òun lọ́kọ̀ọ̀kan, tápítà sì ń bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ará ibo ni yín?

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú wa dùn sí ìbéèrè yẹn. Òjó ọkọ mi gbé àyà síwájú, ó ní ará Ìbàdàn ni òun, láti Òjé. Ẹni tó tẹ̀lé e ní Ìbàdàn ni, ní ìsàlẹ̀ Mápó. Èmi náà, tí baba mi jẹ́ ará Bẹẹrẹ, mo pe Bẹẹrẹ sókè kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. A rò pé bí òyìnbó bá mọ irú agbo ilé ńlá tí a ti wá, kò ní lè fi ọwọ́ rọ́ wa sẹ́yìn. Nígbà tó kan Baálẹ̀ Àjàní, ọmọ Ògúnṣọlá, tí wọ́n jẹ́ olórí wa, tiwọn ló gùn jù. Wọ́n ka baba wọn, wọ́n ka baba baba wọn, wọ́n ka ogun tí wọ́n jà, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà agbo ilé wọn ní Ìbàdàn. A pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ajẹ́lẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gun ẹṣin rẹ̀, ó lọ.

Ní Òkè-Ọparun, àwọn tí kò ní agbo ilé kankan ní Ìbàdàn tí wọn yóò fi yangàn wí pé ará Òkè-Ọparun ni àwọn. Kí ọjà tí ó tẹ̀lé e tó pé, àwọn akódà ti dé láti kó àga àti agogo kóòtù wa lọ. A dúró, à ń wò wọ́n. Kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa ohun tí a ṣe.

Ẹni tó kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀ ni Àlàkẹ́, aládùúgbò mi. Ọkọ rẹ̀ máa ń fi igi lù ú, ó sì ti pè é lẹ́jọ́ pé òun fẹ́ kọ̀ ọ́. Ẹjọ́ náà bá àga lọ sí Òkè-Ọparun. Ọjọ́ tí wọ́n pè é, òjò ti kún odò, kò sì sí ẹni tó lè la odò yẹn kọjá. Kóòtù wojú ọ̀nà títí, wọn kò rí i, wọ́n ní kí ó padà sílé ọkọ rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gbọ́. Inú bí mi.

Ìyá Làbákẹ́ ló pe àwa obìnrin jọ. Àwọn ni ìyálé Baálẹ̀, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tí a kì í jẹ́ kí wọ́n pè wá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní àwọn ọkùnrin ti ń jókòó sórí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ bí adìẹ sórí ẹyin tí kò ní pa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa gba ọ̀nà Ìbàdàn, a kò ru ẹrù kankan. Ẹni tó pàdé wa lọ́nà rò pé òkú ni à ń lọ kí.

A jókòó sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ajẹ́lẹ̀. A kò kọrin, a kò bú ẹnikẹ́ni, a kàn dí ẹnu ọ̀nà. Tápítà jáde wá, ó ní kí a máa lọ, ọ̀gá òun ní iṣẹ́. Ìyá Làbákẹ́ ní àwa kò ní iṣẹ́ kankan lónìí, a lè dúró. Ó wọlé, ó tún jáde. Oòrùn ti kan orí wa kí ajẹ́lẹ̀ tó jáde fúnra rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, tápítà sì tú u fún wa.

“Ọ̀gá mi ní òun kò gba kóòtù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun bi gbogbo yín, gbogbo yín ló sì ní ará Ìbàdàn ni yín. Ìbàdàn ní kóòtù tirẹ̀. Ta ni òun fẹ́ gbé òmíràn sínú igbó fún?”

Obìnrin kan nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dùn rárá, tí omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹnu wa ni a fi lé kóòtù wa jáde. A fẹ́ yangàn lójú àlejò, àlejò sì gbà wá gbọ́. Òkè-Ọparun kò fi ọgbọ́n kankan gbà á lọ́wọ́ wa.

Ìyá Làbákẹ́ bẹ ajẹ́lẹ̀ pé kí ó tún wá, kí ó tún bi wá. Ó ronú, ó sì gbà, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní bi gbogbo ènìyàn mọ́, nítorí ẹni tó ti mọ ìdáhùn tí òun ń fẹ́ kò ní ṣàì fún òun. Baálẹ̀ nìkan ni òun yóò bi, níwájú àwọn ẹbí rẹ̀ láti Ìbàdàn tí wọ́n ni ilẹ̀. Bí Baálẹ̀ bá ní ará Ìdí-Àfọ́n ni òun lójú wọn, òun yóò gbà pé ìlú wà níbẹ̀.

A kó ayọ̀ délé, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́. Oyè mógàjí agbo ilé Ògúnṣọlá ṣófo ní ọdún náà. Ẹ mọ̀ pé mógàjí ni olórí agbo ilé, àti pé ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gun àkàsọ̀ oyè Ìbàdàn. Baálẹ̀ Àjàní ni àgbà, àwọn ló kàn. Láti ìgbà èwe wọn ni wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀lé wọn ni Àkànbí, àbúrò wọn, tó ń gbé Ìbàdàn. Kí ìròyìn ìrìn wa tó tutù, Àkànbí ti ránṣẹ́ pé ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ará oko ni òun, oko ni kí ó ti jẹ oyè rẹ̀. Agbo ilé Ògúnṣọlá kò ní fi ará oko ṣe mógàjí.

A lọ bá Baálẹ̀ nílé. Wọ́n ń ṣẹ́ àgbàdo lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn kò sì dáwọ́ dúró nígbà tí a kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá Làbákẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀. Èmi tí mo kéré jù ni ẹnu ń yún.

“Bàbá, a wá bẹ̀ yín ni,” mo ní.

“Mo mọ ohun tí ẹ wá bẹ̀. Ẹ fẹ́ kí n sẹ́ baba mi níwájú òyìnbó.”

“Ẹnikẹ́ni kò ní kí ẹ sẹ́ baba yín. Àmọ́ bí ara yín kò bá yá, ta ni ẹ máa ń ránṣẹ́ sí, àwa tí a wà níbí ni, àbí àwọn ará Ìbàdàn?”

Wọ́n gbé ojú sókè wò mí. “Ìyàwó Òjó, ẹnu rẹ mú. Ó dáa. Ìwọ dá mi lóhùn ẹyọ kan. Bí mo bá sọ ọ́, èmi nìkan kọ́ ni mo máa bọ́ nínú oyè yẹn. Àwọn ọmọ mi náà á bọ́. Kí ni kí n wí fún wọn?”

Ìyá Làbákẹ́ ló dáhùn láti ibi tí wọ́n jókòó sí, ohùn wọn kò sì ga.

“Èmi ni mo bí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà. Ẹ sọ ohun tó bá jẹ́ òtítọ́, Baba Làbákẹ́. Èmi ni n ó máa bá wọn sọ ìyókù.”

Ní ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ padà wá, Àkànbí gun ẹṣin wá pẹ̀lú àwọn ará agbo ilé wọn. Ọkùnrin tó dára ni, tó mọ̀wàá hù. Bó ti bọ́ sílẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ó tó lọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òyìnbó. Gbogbo Ìdí-Àfọ́n ló wà lórí ìdúró. Tápítà bèèrè ohun tó bèèrè ní àkọ́kọ́. Mo rò pé Baálẹ̀ Àjàní yóò tún ka ogun baba wọn.

“Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi,” wọ́n ní. “Ibẹ̀ ni baba mi ti jagun. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti hu irùngbọ̀n, ibí ni mo ti ń jí, ibí ni mo ti ń sùn, àwọn tí ẹ ń wò yìí ni mo sì ń bá jẹ, tí mo ń bá mu. Ará Ìdí-Àfọ́n ni mí.”

Tápítà fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì. Ọmọ Ìbàdàn ni òun náà, ó mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó bi wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ni kí òun tú u. Wọ́n ní kí ó tú u bẹ́ẹ̀.

Àkànbí dìde. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti sọ ọ́ tán.”

“Mo ti sọ ọ́, àbúrò mi.”

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnì kan pè wọ́n, tí wọ́n ń sọ pé ará Ìdí-Àfọ́n ni àwọn. Kò rọrùn. Òjó ọkọ mi húkọ́ títí tí mo fi rò pé yóò kú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Bí a ṣe gba kóòtù wa padà nìyẹn. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá nínú rẹ̀ ni ti Àlàkẹ́, ó sì jáde síta ní ẹni òmìnira, ó rìn kọjá láàárín ọjà láìwo ẹ̀yìn.

Wọ́n fi Àkànbí jẹ mógàjí. Baálẹ̀ lọ bá a ṣe ayẹyẹ oyè náà, nítorí ẹni tó mọyì ẹbí ni wọ́n, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn àbúrò wọn níwájú gbogbo àwọn tó mọ̀ pé àwọn ni àgbà. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n gbé ọkọ́, wọ́n lọ sóko.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni Baálẹ̀ kú, ní àkókò iṣu titun. Láyé ìgbà náà, a kì í sin àgbàlagbà sí oko. Ibi yòówù tí ọmọ Ìbàdàn bá kú sí, wọn yóò gbé e lọ sí agbo ilé baba rẹ̀, kí wọ́n sin ín sínú ilé. Ẹni tí a bá sin síbi mìíràn, ìtìjú ni fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ní Ìdí-Àfọ́n, àwọn ọmọdé nìkan ni a ti sin rí. Nítorí náà, nígbà tí Àkànbí fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú àwọn géńdé tí yóò gbé òkú, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ti sunkún lọ́nà, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní ìjà ti tán, ohun tó ti kọjá ti kọjá, òun ti ní kí wọ́n gbẹ́lẹ̀ sílẹ̀ sí ìyẹ̀wù baba wọn.

“Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ sílé,” ó ní.

Ó dá mi lójú pé tọkàntọkàn ni ó fi sọ ọ́. Gbogbo wa wo Ìyá Làbákẹ́. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Àkànbí bí ìyàwó ilé ṣe ń kúnlẹ̀ fún ọmọ ilé ọkọ rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ti di arúgbó.

“Ọkọ mi, ẹ ṣeun,” wọ́n ní. “Ẹ má ṣe ìyọnu. Ilé ni wọ́n wà.”

Àkànbí bọ́ agbádá rẹ̀, ó béèrè ọkọ́ lọ́wọ́ Òjó, ó sì bá wa gbẹ́lẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ni a jẹ nínú ìjà náà. Kóòtù dúró fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọ̀nà mọ́tò gba ibòmíràn lọ, wọ́n tún gbé e kúrò, a sì jà títí, a kò rí i gbà mọ́. Ògiri rẹ̀ ti wó, ẹnì kan ti gbin ilá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a sin Baálẹ̀ Àjàní tán, ẹlòmíràn tó kú ní kí wọ́n sin òun sí ẹ̀gbẹ́ wọn, òmíràn sì tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ tó ní ibojì baba wọn níbì kan kì í sọ mọ́ pé àwọn kàn wá dáko níbẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé alágbàá, olórí eégún, wọ́n bẹ ìjọ Onítẹ̀bọmi fún ilé ẹ̀kọ́, níbẹ̀ ni èmi arúgbó yìí ti kọ́ ìwé tí mo ń kọ yìí. Kóòtù ni a jà fún, ìlú ni ó bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Ohun tí a jẹ ní gbèsè ńkọ́? Àkànbí kú, ọmọ rẹ̀ ló sì jẹ mógàjí. Agbo ilé wọn fẹ́ gba òkú Baálẹ̀ lọ́jọ́sí, ṣùgbọ́n wọn kò gba àwọn ọmọ Baálẹ̀ títí di òní. Bí oyè bá ṣófo, wọn kì í dárúkọ wọn. Mo lọ sí agbo ilé náà lọ́dún tó kọjá láti bẹ̀bẹ̀. Mógàjí fún mi ní ìjókòó, ó bu omi fún mi, ó ní, “Ìyá, Baálẹ̀ fúnra wọn ló sọ ọ́.” Mo ní nítorí tiwa ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Ó ní òun mọ̀. Kò gbà, kò sì kọ̀. N ó tún lọ, bí ẹsẹ̀ mi bá gbé mi. Bí kò bá gbé mi, ẹ̀yin ni ẹ ó lọ.

Àwọn ọmọ Baálẹ̀ Àjàní ṣì ń dáko pẹ̀lú wa. Èyí àgbà nínú wọn ló máa ń bá mi tún òrùlé mi ṣe bí òjò bá ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, wọn kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ wa rí.